Kí Ìjà Tó Bẹ̀rẹ̀: Ìwà Àwọn Akọni Inú Àlọ́ Ilẹ̀ Japan

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ìdílé Yorùbá ní Turin, Padua àti àwọn ìlú mìíràn ní àríwá Italy



Àwọn ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ Italy yìí mọ akọni Japan ju bí wọ́n ṣe mọ Ìjàpá Tìrókò lọ. Wọ́n ń ka ìwé àwòrán wọn ní èdè Italy, wọ́n ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń ya àwòrán wọn sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọkàn ọ̀pọ̀ òbí kò balẹ̀ sí i. Ìbẹ̀rù náà ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ìjọba Italy bẹ̀rẹ̀ sí í fi Goldrake, eré akọni onírin láti Japan, hàn ní ọdún 1978, kò pẹ́ tí àwọn òbí Italy kan fi figbe ta pé ìjà àti iná ni àwọn ará Japan fẹ́ fi kọ́ ọmọ àwọn. Mo lóye wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwọn akọni onírin wọ̀nyẹn, àwọn akọni àlọ́ kan wà tí wọ́n ti wà tipẹ́tipẹ́. Nípa wọn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, torí mo gbà gbọ́ pé ìwà tí wọ́n fi di akọni kò jìnnà sí èyí tí àwọn ìyá wa fi tọ́ wa. Nínú ọ̀pọ̀ àlọ́ Japan, a ti máa ń mọ akọni kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Oore tó ṣe fún ẹni tí kò lè san án padà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i, la fi ń dá a mọ̀. Ìjà, bí ó bá wà rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń dé.

Kí n tó wọ inú àlọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ tí a wà yìí àti Japan ṣe di ojúlùmọ̀. Láàárín ọdún 1850 sí 1870, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní pébrine wọ inú kòkòrò tó ń ṣe sílíìkì ní Yúróòpù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òwò sílíìkì Piedmont, Lombardy àti Veneto run. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti rí ẹyin kòkòrò tí ara rẹ̀ dá. Àwọn oníṣòwò láti àwọn agbègbè yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ ojú omi lọ sí Yokohama, wọ́n ń ra ẹyin tó lẹ̀ mọ́ orí páálí, wọ́n sì ń sáré gbé e bọ̀ kí ó tó pa. Ní 1866, Italy àti Japan tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ láàárín wọn, ọ̀rọ̀ ẹyin yìí sì wà lára ohun tó mú kí ó yá. Ní 1871, wọ́n dá ibùdó ìwádìí kòkòrò sílíìkì sílẹ̀ ní Padua. Ní 1873, wọ́n ti ń kọ́ èdè Japan ní ilé ẹ̀kọ́ Ca' Foscari ní Venice. Edoardo Chiossone, tí wọ́n bí ní Arenzano lẹ́bàá Genoa, lọ sí Tokyo ní 1875, ó ń gbẹ́ àwòrán owó fún ìjọba ibẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 1898. Àwọn iṣẹ́ ọnà tó kó jọ ló wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Genoa. Antonio Fontanesi, tó ń kọ́ni ní yíya àwòrán ní ilé ẹ̀kọ́ Albertina ní Turin níbí, tẹ̀ lé e lọ ní 1876. Nítorí náà, ọmọ yín tó ń ka ìwé Japan nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́yin kòkòrò là ló ń tọ̀.

Àlọ́ tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, aṣọ híhun ló wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tálákà kan ń lọ nínú yìnyín, ó rí ẹyẹ ńlá kan, funfun, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tó jọ lékeléke ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ẹyẹ náà ti fara gbọgbẹ́. Ọkùnrin yìí yọ ọfà kúrò lára rẹ̀, ó jẹ́ kó fò lọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lálẹ́, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò pẹ́, ó di ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ní òun yóò hun aṣọ tí ọkọ òun yóò tà, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni òun bẹ̀: kí ó má yọjú wo òun nígbà tí òun bá wà nídìí òfì. Aṣọ náà dára débi pé owó gọbọi ni wọ́n rà á. Ọkọ ní kó tún hun òmíràn. Ó hun ún, ṣùgbọ́n ó ń rù, ojú rẹ̀ ń jìn. Ọkọ tún ní kó hun sí i. Níkẹyìn, ara ọkọ kò gbà á mọ́, ó yọjú. Ẹyẹ ló bá nídìí òfì, tó ń fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu, tó sì ń fi í hunṣọ. Obìnrin náà sọ fún un pé níwọ̀n ìgbà tó ti rí òun, òun kò lè dúró mọ́. Ó fò lọ. Ní àwọn agbègbè mìíràn, tọkọtaya arúgbó ni wọ́n, ọmọ ni ẹyẹ náà sì dà fún wọn, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ parí sí.

Àwa náà mọ irú obìnrin yìí. Ṣé ẹ rántí ọdẹ tó lúgọ lórí igi, tó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ tó sì di arẹwà obìnrin? Ọdẹ gbé awọ náà pamọ́, ó fi fẹ́ ẹ, ó sì búra pé òun kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sétí ìyáálé, ìyáálé fi orin bú u, obìnrin náà, tí í ṣe Ọya, sì wá awọ rẹ̀ rí. Àlọ́ méjèèjì jọra débi pé ó yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbé obìnrin kọ̀ọ̀kan wọlé. Awọ ni wọ́n fi de tiwa; oore ló mú tiwọn wá. Ìbínú ni tiwa fi lọ, ó sì jà kó tó lọ. Tiwọn kò bú ọkọ, kò sì gba aṣọ padà.

Ta wá ni akọni nínú àlọ́ yìí? Ọkùnrin yẹn ni ìtàn fi bẹ̀rẹ̀, oore tó ṣe sì tóbi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ló ṣe é. Ẹyẹ náà ṣe tirẹ̀ lójoojúmọ́, láìsọ iye tó ń ná an. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìlú yìí, tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé ní ìparí oṣù, tí àwọn ará ilé sì tún ń pè pé kò tó, ẹ mọ ẹyẹ yìí dáadáa. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ àlọ́ náà lẹ́nu yín, kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó ń yọ nínú ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Bí wọ́n bá ní kí n mú akọni kan ṣoṣo nínú gbogbo àlọ́ Japan, bàbá arúgbó kan ni máa mú. Kò ní idà, kò ní agbára, a kì í tilẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀. Ọdún ń parí lọ, kò sí oúnjẹ nílé. Ó kó akẹtẹ̀ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fi koríko hun lọ sọ́jà, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ra mochi, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n ń gún lódó bí a ṣe ń gún iyán. Ẹnikẹ́ni kò ra ẹyọ kan. Bó ti ń bọ̀ nílé, ó rí ère Jizō mẹ́fà lẹ́bàá ọ̀nà, yìnyín ti bo orí wọn. Jizō ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Japan gbà gẹ́gẹ́ bí alábòójútó àwọn ọmọdé àti àwọn arìnrìn-àjò. Bàbá gbọn yìnyín kúrò lórí wọn, ó fi akẹtẹ̀ dé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Akẹtẹ̀ kò pé mẹ́fà. Ó ṣí ti orí ara rẹ̀, ó fi dé ìkẹfà, ó sì gba ilé lọ láìdé nǹkan kan.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ọwọ́ òfo ló ń gbé bọ̀ wá bá ìyàwó rẹ̀ ní alẹ́ ọdún. Gbogbo wa la mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ròyìn fún un, ìyàwó náà ní ó ṣe dáadáa, inú òun dùn sí i. Wọ́n jẹ ìwọ̀nba tó wà, wọ́n sùn. Lóru, wọ́n gbọ́ ìró ohun wúwo níta. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ìrẹsì, ẹja àti mochi ló kún ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n sì rí ẹ̀yìn àwọn ère mẹ́fà tó ń lọ nínú yìnyín pẹ̀lú akẹtẹ̀ lórí. Lójú tèmi, akọni méjì ló wà nínú àlọ́ yìí, èyí tó jókòó sílé kò sì kéré sí èyí tó jáde. Oore bàbá ì bá ti di ìjà nínú ilé bí kì í bá ṣe ìwà obìnrin yẹn. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé èrè wà. Òkúta ni wọ́n ṣe lóore.

Àlọ́ ológoṣẹ́ tí wọ́n gé ahọ́n rẹ̀ fi ìtẹ́lọ́rùn kún oore yìí. Bàbá arúgbó kan tọ́ ológoṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ gé ahọ́n ẹyẹ náà torí pé ó jẹ nínú ògì tí ìyá fẹ́ fi lẹ aṣọ. Bàbá wá ẹyẹ náà kiri títí ó fi bá a nílé rẹ̀ nínú oparun, wọ́n ṣe é lálejò, wọ́n sì ní kó mú ọ̀kan nínú agbọ̀n méjì, ńlá àti kékeré. Ó mú kékeré torí arúgbó ni òun. Ohun iyebíye ló kún inú rẹ̀. Ìyàwó sáré lọ, ó gbé ńlá, ejò àti iwin ló tú jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ wa nípa ọmọbìnrin tí ìyàwó bàbá rẹ̀ lé lọ sódò mọ ìdánwò yìí. Ìyá arúgbó tó bá pàdé níbẹ̀ ní kó má já igbá tó ń pariwo pé kí wọ́n já òun, èyí tó dákẹ́ ni kó já. Ọmọ tó gbọ́ràn là, ọmọ tí wọ́n rán lọ fi ṣe àfarawé kan ìdin àti oró. Àlọ́ bàbá tó mú kí igi gbígbẹ rúwé tún wà pẹ̀lú, tí aládùúgbò onílara pa ajá rẹ̀, tó sun odó rẹ̀. Bàbá náà kò gbẹ̀san lẹ́ẹ̀kan rí, eérú ló bẹ̀ gbà, eérú náà ló sì sọ igi di olódòdó.

Ẹ ti ń retí Momotarō. Òun ló gbajúmọ̀ jù, ọmọ tó jáde láti inú èso píìṣì tí odò gbé wá bá tọkọtaya tí kò bímọ. Ó dàgbà, ó ní òun ń lọ bá àwọn iwin oníwo jà ní erékùṣù wọn torí wọ́n ń fi ayé ni àwọn ènìyàn lára. Ìyá rẹ̀ di àkàrà jéró fún un. Lọ́nà, ajá, ọ̀bọ àti ẹyẹ kan tó jọ àparò bá a pàdé, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkàrà, wọ́n sì di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a bá fojú Fagunwa wò ó, a óò rántí Àkàrà-oògùn nínú *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, tó jáde ní 1938. Òun náà kò dá nìkan lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkò, Ìmọ̀dòye, Olóhùn Iyọ̀ àti àwọn yòókù bá a lọ, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Akọni tó mọ̀ pé òun kò tó nìkan, tó sì pín oúnjẹ kó tó pín iṣẹ́, ìwà ńlá nìyẹn. Issun-bōshi náà ní ìgboyà, ẹni tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, tó fi àwo ìrẹsì ṣe ọkọ̀, tó fi igi ìjẹun ṣe àjẹ̀, tó sì fi abẹ́rẹ́ ṣe idà. Gbogbo ọmọ tó kéré jù ní kíláàsì rẹ̀ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, Momotarō ń kọ mí lóminú, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ gbangba. Ní sáà Meiji ni wọ́n kó o sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n fi í ṣe balógun. Ní 1943, wọ́n ṣe fíìmù kan tí Momotarō ti kó àwọn ẹranko rẹ̀ lọ ju bọ́ǹbù sí erékùṣù àwọn iwin, Pearl Harbor ni wọ́n sì ń sọ. Ní 1945, àwọn ọmọ ogun ojú omi tún ní kí Seo Mitsuyo ṣe òmíràn tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun sì ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí Japan fi àwòrán yíyà ṣe. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbógun tì ni wọ́n ń pè ní iwin. Kí ló dé tó jẹ́ Momotarō ni wọ́n rí lò, tí wọn kò rí bàbá alákẹtẹ̀ lò? Ìdáhùn tèmi ni pé a kò rí i kí Momotarō ṣe oore fún ẹni tí kò wúlò fún un. Àkàrà tó pín, ogun ló fi wá. Ìgboyà rẹ̀ kò ní ìwà mìíràn tó lè dá a lẹ́kun. Ryūnosuke Akutagawa, òǹkọ̀wé Japan, ti rí i tẹ́lẹ̀. Ní 1924 ó tún àlọ́ náà kọ, ó sì fi Momotarō hàn bí ẹni tó lọ kógun ja àwọn aláìṣẹ̀. Bí ọmọ yín bá fẹ́ràn Momotarō, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kàn bi í pé kí ni àwọn iwin wọ̀nyẹn ṣe gan-an, ta ló sì sọ fún un.

Urashima Tarō le jù gbogbo wọn lọ. Apẹja ni, ó gba ìjàpá òkun lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń fìyà jẹ ẹ́. Ìjàpá gbé e lọ sí ààfin ìsàlẹ̀ òkun, ọmọbìnrin ọba ibẹ̀ tọ́jú rẹ̀. Àárò ilé sọ ọ́, ó ní òun fẹ́ lọ wo àwọn òbí òun. Wọ́n fún un ní àpótí kan pé kó má ṣí i. Ó dé ìlú rẹ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Nínú ìbànújẹ́ rẹ̀, ó ṣí àpótí, èéfín jáde, ó sì darúgbó lójú ẹsẹ̀. Àlọ́ yìí ti wà lákọsílẹ̀ nínú ìwé ìtàn Nihon Shoki tí wọ́n parí ní ọdún 720. Ohun tó wú mi lórí ni pé kò sí ọ̀rọ̀ oore nínú èyí tó pẹ́ jù lọ. Apẹja mú ìjàpá, ìjàpá di obìnrin, ó tán. Àwọn tó pa á lẹ́yìn ló ní ó tú ìjàpá sílẹ̀, àwọn tó tún dé lẹ́yìn wọn ló fi àwọn ọmọ aláìláàánú kún un. Ó jọ pé àwọn apàlọ́ kò lè gbà kí ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ akọni wọn láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ ṣàánú. Ṣùgbọ́n wọn kò yí òpin rẹ̀ padà. Àánú rẹ̀ kò dá àwọn ọdún tó lọ padà fún un. Gbogbo ẹni tó ti pẹ́ ní ìdálẹ̀, tó padà lọ sílé tí ọ̀pọ̀ ojú tó mọ̀ ti lọ, kò nílò kí n ṣàlàyé Urashima fún un.

Níbi òpin yìí ni àlọ́ Japan ti yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọmọ yín ń gbọ́ nílé ẹ̀kọ́. Ní Turin níbí ni ilé ìtẹ̀wé Einaudi ti gbé *Fiabe italiane* jáde ní 1956, igba àlọ́ tí Italo Calvino ṣà jọ láti gbogbo ẹkùn Italy, tó sì tún kọ láti inú àwọn èdè àdúgbò. Púpọ̀ nínú wọn ló parí sí ìgbéyàwó àti àsè. Hayao Kawai, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, ọmọ Japan tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Jung ní Zürich, kọ ìwé kan ní 1982 tó fi tọ́ka sí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, ìpínyà ni tiwọn ń parí sí: obìnrin á lọ, ọkùnrin á sì dúró sójú kan. Ọmọ tí àsè ìgbéyàwó ti mọ́ lára yóò sunkún nígbà tí ẹyẹ funfun bá fò lọ. Ẹ má ṣe bá a tún un ṣe. Ẹ má sọ pé ó padà wá. Ìwà tí àlọ́ náà fẹ́ kọ́ ọ wà nínú sísun ẹkún yẹn gan-an, pé ọ̀rọ̀ tí a bá fún ènìyàn ní iye tó ń jẹ.

Àwọn ará Japan náà ti mú akọni láti inú ìwé ìlú yìí rí. Ní 1886, Edmondo De Amicis kọ *Cuore*, ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́ kan ní Turin. Ìtàn kan wà nínú rẹ̀ nípa Marco, ọmọ Genoa, tí ìyá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Argentina, tí ìròyìn rẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Ọmọ náà dá kọjá òkun lọ wá a. Ní 1976, Isao Takahata fi ìtàn yìí ṣe eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi hàn ní Japan fún odidi ọdún kan. Ó rọrùn láti rí ìdí tí wọ́n fi mú un. Marco kò ní idà. Ó ní sùúrù, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà, ó ń gba oore lọ́wọ́ àjèjì, kò sì gbàgbé ẹni tó ṣe é fún un. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ̀ pé nígbà kan rí, àwọn ọmọ Italy ló ń dágbére fún ìyá tó ń lọ wá oúnjẹ lókè òkun.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lo àwọn àlọ́ yìí nílé kò le. Ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ tiwa. Bí ẹ bá pa ti ẹyẹ funfun lónìí, ẹ pa ti Ọya lọ́la. Bí ẹ bá pa ti ológoṣẹ́, kí ti igbá tó dákẹ́ tẹ̀ lé e, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ọmọ tó bá ti tó mẹ́wàá lè gbọ́ Urashima. Àwọn àgbàlagbà ọmọ lè wá sí MAO, ilé iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Éṣíà tí wọ́n ṣí ní Turin yìí ní 2008, kí wọ́n lọ wo àwọn ohun tó ti Japan wá. Fún àwọn kéékèèké, bàbá alákẹtẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ní alẹ́ tí ọdún bá ń parí, kí ẹ tó lọ sí ìsìn àìsùn. Bí bàbá bá ti gbé ọwọ́ òfo dé ẹnu ọ̀nà, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ bi wọ́n pé kí ni ìyàwó rẹ̀ yóò sọ. Ẹ gbọ́ èsì wọn tán kí ẹ tó máa bá àlọ́ lọ.